Lọ́rì Sójà Tí Bàbá Fi Sílẹ̀ Lábẹ́ Igi Máńgòrò

"Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ kú iṣẹ́. Sójà tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá mi. Wọ́n ra lọ́rì Bedford kan nígbà tí àwọn sójà ń lu ọkọ̀ wọn ní gbàǹjo, wọ́n sì fi kó pákó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láti ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti papò dà, ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìbarà ló wà, lábẹ́ igi máńgòrò, a sì fi tapólì bò ó dáadáa. Ní báyìí a fẹ́ tún un ṣe kó lè máa dúró níwájú gbọ̀ngàn àpèjẹ tí mò ń kọ́, nítorí ìrántí ọdún kẹwàá wọn. Mẹkáníìkì wa ní ká yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dànù, ká fi ti Nissan oní-dísẹ́ẹ̀lì sí i. Àbúrò mi ní ká kùn ún ní àwọ̀ sójà kó máa dán gbinrin. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ká tà á fún àwọn onírin kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù, ká fi owó rẹ̀ kún owó màlúù. Èwo ni ká ṣe? Mo fi fọ́tò mẹ́rin ránṣẹ́." Ọmọ Sájẹ̀ǹtì, Abẹ́òkúta.

Ọmọ Sájẹ̀ǹtì, ẹ kú ìmúra àṣeyẹ o. Ọlọ́run á jẹ́ ká ṣe é láṣeyọrí. Mo tẹjú mọ́ fọ́tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí ojú fi ń ro mí, mo tún ní kí ọmọ ọmọ mi bá mi fẹ èyí tó ya inú ọkọ̀ lójú fóònù. Ìmọ̀ràn mẹ́ta ni wọ́n gbé síwájú yín: ẹnì kan ń sọ ti ẹ́ńjìnnì, ẹnì kan ń sọ ti ọ̀dà, ẹnì kan ń sọ ti owó. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu kan omi nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ omi ló ń jẹ ọkọ̀ bàbá yín láti ọdún mẹ́sàn-án, ó sì ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́ bí ẹ ṣe ń ka ìdáhùn yìí. Òun ni mo fẹ́ fi ṣáájú, àwọn tó kù á tẹ̀ lé e.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń tọ́jú. Kì í ṣe gbogbo Bedford tó bá láwọ̀ ewé ló jẹ́ ti sójà. Láti 1931 ni wọ́n ti ń ṣe Bedford nílùú Òyìnbó, èyí tó sì pọ̀ jù nílẹ̀ wa, ti oníṣòwò ni: àwọn la kan pákó lé lórí tá a sọ di bọ́lẹ̀kájà, tí wọ́n ń kó kòkó, tí wọ́n ń kó gàrí, tí wọ́n ń kó èèyàn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní kí n wá wo lọ́rì sójà, lọ́rì oníkòkó ni mo bá nílé wọn. Tiyín yàtọ̀. Nínú fọ́tò kejì, ẹ wo àárín ẹsẹ̀ iwájú, ó yọ gọ́ńgọ́ síta bí ìdodo ọmọ kékeré. Ohun tí ìyẹn ń sọ ni pé ẹsẹ̀ iwájú náà ń gba agbára lọ́dọ̀ ẹ́ńjìnnì, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń wa ilẹ̀. Ti oníṣòwò kì í ní in, ẹ̀yìn nìkan ló fi ń ti ara rẹ̀ lọ. Ẹ́ńjìnnì tiyín tún wà láàárín awakọ̀ àti ẹni tó jókòó tì í, lábẹ́ ìdérí onírin. Bó bá jẹ́ MK, ìyẹn lọ́rì sójà Bedford tó dé lẹ́yìn irú tiyín, ni, ẹ̀yìn ìjókòó ni ẹ ò bá ti rí i. Òrùlé sì ní ihò roboto kan lápá ọ̀dọ̀ ẹnì kejì, tí bàbá yín fi páànù àti ọ̀dà títì dí. Ihò yẹn kì í ṣe àléébù. Sójà ló máa ń yọ orí níbẹ̀ láti ṣọ́ ọ̀nà. Tí a bá kó gbogbo àmì yìí pọ̀, lọ́rì sójà tí Bedford pè ní RL ni. Ní 1953 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù ló ní, sílíńdà 6, lítà 4.9. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún dáadáa.

Wàyí o, tapólì. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú yín fi bò ó, ṣùgbọ́n ó wà lára ohun tó ń pa á. Ilẹ̀ a máa mí lálẹ́, pàápàá ilẹ̀ tí ewé máńgòrò ti jẹrà sí. Oru rẹ̀ á gòkè, á kan tapólì, á di omi, á tún kán padà sórí irin. Ọkọ̀ tí a we tapólì mọ́ lára pinpin kò yàtọ̀ sí mọ́ínmọ́ín inú ewé, ooru ibẹ̀ kò ríbi jáde. Ewé tó sì ti kó sáàárín bọ́dì àti ṣáásì, àti sí ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú, ó ń fa omi mọ́ra bí aṣọ ìnulẹ̀ tẹ́nikẹ́ni ò fún. Láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá, ibẹ̀ kì í gbẹ. Kí á tún wá sọ ti ihò òrùlé. Ọ̀dà títì a máa gbẹ, a sì máa sán nínú oòrùn wa yìí. Omi á gba ojú ibi tó sán wọlé, á dúró síbi ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó ti awakọ̀. Mo rí kápẹ́ẹ̀tì pupa níbẹ̀ nínú fọ́tò kẹrin. Ẹ ká a sókè. Bí ẹ ò bá rí koríko ẹ̀yìnkùlé yín láti inú ọkọ̀, ẹ wá bú mi.

Torí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò kan mẹkáníìkì rárá. Ẹ ká tapólì kúrò lónìí. Ẹ wá ọmọ ọkùnrin méjì tí ọwọ́ wọn tẹ́ẹ́rẹ́, kí wọ́n ki ọwọ́ bọ gbogbo kọ̀rọ̀, kí wọ́n kó ewé àti ẹrẹ̀ jáde (kí wọ́n fi igi yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo ti bá ejò pàdé nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí). Ẹ fa ọkọ̀ náà kúrò lábẹ́ igi bọ́ síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí ẹ kan òrùlé páànù lé e lórí láìṣe ògiri kankan sí i. Tí ẹ ò bá ṣe ju ìyẹn lọ lọ́dún yìí, ẹ ti ṣe ju ohun tí ìmọ̀ràn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè ṣe fún un.

Ṣáásì ló máa sọ bóyá ọkọ̀ yìí á tún dìde. Fọ́tò kò lè fi èyí hàn mí, àfi kí èèyàn dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ mú òòlù kékeré, kí ẹ máa lù ú láti iwájú dé ẹ̀yìn. Irin tó ṣì le á dún gan-an, gan-an, á sì ta òòlù padà sí yín lọ́wọ́. Èyí tó ti jẹ á dún pọ̀, bí ẹní lu àgbá tó kún fún gàrí, èèpá á sì máa bọ́ sílẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ibi tí mo máa ń pẹ́ sí jù ni ibi tí sípíríǹgì ẹ̀yìn ti so mọ́ ṣáásì, torí pé ibẹ̀ ni ẹrẹ̀ ọ̀nà oko ń sùn sí, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ pákó ò mọ ọ̀nà míì ju ọ̀nà oko lọ. Ìpáàrà máa ń wú ju irin tó jẹ lọ. Níbi tí wọ́n bá ti gbá irin méjì mọ́ra, tí ìpáàrà sì wọ àárín wọn, ṣe ló máa ń là wọ́n yà bí gbòǹgbò ọdán ṣe ń la ògiri. Bí ẹ bá ti rí ibi tí irin méjì ti ń ya ẹnu, ibẹ̀ ni wẹ́dà á ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ ojú lásán ló dógùn-ún, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á, ẹ fi oògùn ìpáàrà pa á, kó gbẹ, kí ẹ sì kun ọ̀dà ìsàlẹ̀ pupa lé e lọ́jọ́ tí òjò ò sí. Ìgbà ọyẹ́ ló dára jù fún iṣẹ́ yìí, àfi kí ẹ ṣọ́ra fún eruku rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí pánẹ́ẹ̀lì bítà fi pọ́tì dí ihò kankan. Pọ́tì ń mu omi. Á dán títí di ìgbà òjò tó ń bọ̀, lẹ́yìn náà á wú bí eéwo. Kí wọ́n gé ibi tó jẹ kúrò, kí wọ́n jó irin tuntun mọ́ ọn. Àwọn kan á sì ní kí ẹ da kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù ọ́ìlì sí gbogbo abẹ́ rẹ̀. Ó ń dáàbò bo irin lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀dà ò ní lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ mọ́, á sì máa kán sórí òkúta iwájú gbọ̀ngàn yín lójú àlejò.

Ó wá ku ẹ́ńjìnnì. Mẹkáníìkì yín kò purọ́. Kò sílé iṣẹ́ tó ń ṣe Bedford mọ́, ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù yẹn ń mu epo bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ láti àná, pààtì Nissan sì wà káàkiri. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ tún fi kó pákó ni, ǹ bá ní kí ẹ gbọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ní ẹ fẹ́ kó dúró ni. Àwọn ọkọ̀ ogun tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ogun ní Umuahia, èyí tí wọ́n ṣí ní 1985, kò sẹ́ni tó ń lọ wò wọ́n torí kó lè gùn wọ́n lọ sí Kútò. Láti fi ẹ́ńjìnnì míì sínú RL, wọ́n á gé ìdúró ẹ́ńjìnnì kúrò lára ṣáásì, wọ́n á jó òmíràn, gíà ò ní bá a mu, ọ̀pá tó ń gbé agbára lọ sí ẹsẹ̀ iwájú á di ohun tí wọ́n tú sílẹ̀. Gọ́ńgọ́ tí mo fi hàn yín lẹ́ẹ̀kan á kàn wà níbẹ̀ lásán. Lọ́jọ́ tí ọmọ yín bá sì fẹ́ dá a padà, ọ̀nà á ti dí. Owó ńlá ni ẹ fẹ́ ná láti ba ohun tí ẹ fẹ́ fi hàn jẹ́.

Ohun tí mo máa ṣe ni kí n tú ẹ́ńjìnnì àtijọ́ sílẹ̀ kó lè máa yí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní dún. Ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ẹ po dísẹ́ẹ̀lì mọ́ ọ́ìlì gíà pupa, kí ẹ rọ díẹ̀díẹ̀ sínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ tún rọ òmíràn. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ fi irin yí i láti iwájú, díẹ̀ síwájú, díẹ̀ sẹ́yìn, bí ẹní ń mi ọmọ tó ń sùn. Tó bá kọ̀, ẹ padà lọ jókòó. Mo ń sọ ọ́ báyìí torí pé èmi fúnra mi ti fi agídí ba ọ̀kan jẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fúríìdọ̀mù ní Láfẹ́nwá nígbà náà, ojú ń kán mi. RL kan wà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti gan. Mo so ó mọ́ tírátọ̀, mo jù ú sí gíà, mo ní kí wọ́n fà á. Ó yí lóòótọ́. A gbọ́ kà! lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí a tú u, apá pístìn kan ti tẹ̀ bí ìka ọwọ́, ó sì ti la ara sílíńdà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló yẹ kí n fi dúró, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni mo fi bà á jẹ́. Ọlọ́kọ̀ náà ò bá mi jà, ó kàn ń wò mí. Ìyẹn burú ju ìjà lọ.

Tí ẹ́ńjìnnì yín bá yí, tí inú yín sì fẹ́ kó dún lọ́jọ́ ìrántí, iṣẹ́ míì nìyẹn, owó míì sì ni: kábúrétọ̀, páìpù epo, rédíétọ̀, wáyà tí eku ti jẹ. Kí rẹwáyà má kàn so bátìrì mọ́tò mọ́ ọn ṣáá. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ sójà ló ń lo bátìrì méjì tí a so pọ̀ di fóòtì 24. Kó ka ohun tí wọ́n kọ sára dínámò àti gílóòbù rẹ̀ kó tó fọwọ́ kàn án. Ní tèmi, kí lóbẹ́ẹ̀dì gbé e lọ síwájú gbọ̀ngàn, kí ẹ fi owó ìyókù ṣe ilẹ̀ ọkọ̀ àti ara rẹ̀.

Àwọn ohun mẹ́ta kan wà tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣeré. Àkọ́kọ́ ni táyà. Irin ẹsẹ̀ àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí kì í ṣe ẹyọ kan bíi ti mọ́tò ilé. Òmíràn ní ríǹgì tó dè é, òmíràn jẹ́ awẹ́ méjì tí bóòtì gbá mọ́ra. Ẹni tó bá tú nọ́ọ̀tì tí kò yẹ nígbà tí afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀, irin náà á fò bí ọta ìbọn. Ẹ yọ afẹ́fẹ́ tán pátá kí ẹ tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì kankan, kí ẹ sì pe fọkanáísà tó ti dàgbà sẹ́nu táyà lọ́rì, kì í ṣe ọmọ tó ń lẹ táyà ọ̀kadà. Èkejì ni táǹkì epo. Bẹntiróòlù tó ti gbẹ láti ọdún mẹ́sàn-án ṣì lóòórùn nínú rẹ̀, òórùn yẹn ló sì ń gbiná. Wẹ́dà tó bá gbé iná sún mọ́ ọn láì kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ léraléra kó sì rọ omi kún un, ẹ lé e jáde. Ẹ̀kẹta ni eruku: eruku bíréèkì àti kíláàṣì ayé ìgbà yẹn ní asbestos nínú, ọ̀dà àtijọ́ sì ní òjé. Ẹ má fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ, ẹ má sì yún un ní gbígbẹ. Omi ni kí ẹ fi rẹ ẹ́ kí ẹ tó nù ún.

Ọ̀rọ̀ òjé ló gbé mi dé orí ọ̀dà, ibẹ̀ sì ni èmi àti àbúrò yín ti fẹ́ jiyàn. Kí ẹ tó kun ohunkóhun, ẹ mú sáńdípépà tó kúnná, ẹ rì í bọ omi, ẹ fi yún ojú kan tí kò ju kọ́bọ̀ àtijọ́ lọ lára ilẹ̀kùn, ní yíyí, jẹ́jẹ́. Àwọn òrùka á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, bí ìgbà tí èèyàn gé àlùbọ́sà sí méjì. Lára ọkọ̀ kan tí mo ṣe, búlúù ló wà lókè, ìpara funfun wà lábẹ́ rẹ̀, pupa tẹ̀ lé e, kó tó wá kan àwọ̀ ewé. Nígbà tí a mú un fẹ̀ sí i, orí nọ́ńbà funfun kan yọ nínú ewé yẹn, 7 tí wọ́n fi ọwọ́ kọ. Ọlọ́kọ̀ náà fi ìka tẹ̀ lé e títí, kò sọ̀rọ̀. Òrùka yín náà ló máa sọ irú ewé tó wà lára tiyín. Àbúrò yín ń fẹ́ èyí tó ń dán. Ó ṣeé ṣe kó jàre, torí pé àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì lo ewé dúdú tó ń dán fún ọkọ̀ wọn láyé 1950 sí 1960, ó ṣe kí wọ́n tó gba èyí tí kì í dán. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí à ń rò lọ́kàn, ìdí ọ̀dà la ó ti kà á.

Tí ẹ bá tilẹ̀ wá rí ewé náà, èmi ò ní kun gbogbo ọkọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn sójà kì í fojú rere wo aráàlú tó bá lo àwọ̀ àti àmì wọn. Oníbàárà mi kan kùn tirẹ̀ láì béèrè, ọjọ́ tó gbé e jáde ni wọ́n dá a dúró, ó sì pẹ́ kó tó gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà. Èmi kì í ṣe lọ́yà o. Tí ẹ bá fẹ́ kùn ún bẹ́ẹ̀ dandan, kí lọ́yà yín bá yín kọ̀wé sí bárékè Alámàlà, kí ẹ fi ìwé gbàǹjo bàbá yín ti ìwé náà lẹ́yìn, kí ẹ má sì fi ọ̀dà kàn án títí wọ́n á fi fún yín lésì tí wọ́n buwọ́ lù.

Ìdí mìíràn tún wà tí mi ò fi fẹ́ kí ẹ bo ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀ lábẹ́ ewé. Nínú fọ́tò kẹta, pákó kan wà lókè gíláàsì iwájú tí wọ́n kọ nǹkan sí. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti pa, ṣùgbọ́n mo rí "…LÓ MỌ Ọ̀LA" níparí, pẹ̀lú òdòdó kékeré kan lápá ọ̀tún. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ síwèé pé ọ̀pọ̀ ọdún ni bàbá yín fi kó pákó. Àwọn sójà ti lù ú ní gbàǹjo kó tó di ti bàbá yín, bàbá yín ló sì fi owó ara wọn bẹ akọ̀wé kó kọ ọ̀rọ̀ yẹn. Àwọ̀ yìí ni àwọn tó bá wá síbi ìrántí mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹ jẹ́ kó dúró nínú rẹ̀. Ẹ tún ibi tó jẹ ṣe, ẹ wá àwọ̀ tó bá ti tẹ́lẹ̀ mu, kí ẹ sì fi ojú ewé bí àtẹ́lẹwọ́ kan sílẹ̀ lára ilẹ̀kùn, kí ẹni tó bá fẹ́ rí sójà lè rí i. Ní ti ẹ̀yìn ọkọ̀, pákó ìrókò tàbí àpá ni kí káfíńtà lò. Pákó funfun á di oúnjẹ ikán kí ọdún kejì tó pé.

Mo ti fẹ́ gbàgbé ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ má bá wọn jà. Bí òòlù bá dún pọ̀ níbi sípíríǹgì lọ́tùn-ún àti lósì, tí sùkúrúdíráfà sì wọlé ṣàkà, owó àtúnṣe á pọ̀ ju ọkọ̀ lọ, mo sì máa dúró sẹ́yìn wọn. Kódà nígbà náà, ẹ gé iwájú rẹ̀ sílẹ̀, láti bọ́ńpà dé ẹ̀yìn ìjókòó, kí ẹ ta ìyókù fún onírin. Iwájú nìkan náà tó dúró níwájú gbọ̀ngàn. Bó bá sì jẹ́ odidi ló kù, ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí ibi tó máa dúró, òkúta kò wọ́n wa ní Abẹ́òkúta, kí ilẹ̀ ibẹ̀ dagun díẹ̀ kí omi lè máa ṣàn lọ. Ẹ gbé egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ lé búlọ́ọ̀kù kankéré kí táyà má bàa gbé ẹrù. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹnì kan fọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì.

Pákó òkè gíláàsì yẹn, ẹ tú u kúrò lára ọkọ̀ kí àwọn òṣìṣẹ́ tó dé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọṣẹ tàbí kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, torí pé ọ̀dà tí oòrùn ti jẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún á bá kẹrosíìnì lọ. Fóòmù rírọ̀ àti omi tútù ni, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́, kí ẹ má nù ún. Tó bá gbẹ, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Ojú ibi tí búrọ́ọ̀ṣì akọ̀wé ti gbà máa ń ga díẹ̀ kódà nígbà tí àwọ̀ bá ti lọ, mo sì lérò pé a ó rí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn kà.